Ẹ̀rọ Ń Gba Iyì

Bí ẹ bá gbé Festac ní nǹkan bí ọdún 2006, ẹ ó rántí Olóyè Akíntúndé Fáṣínà. Bí ẹ kò bá rántí rẹ̀, ẹ̀bi yín kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́. Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní Ọ́fíìsì Orúkọ Onílé, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti Festac dé Satellite Town, títí kan Kuje àti gbogbo Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ọkùnrin náà ga níwọ̀n, ó sanra níwọ̀n, àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ kò níwọ̀n. Àga rẹ̀ ga ju ti gbogbo òṣìṣẹ́ lọ, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n tún fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ àga náà. Bí ó bá jókòó, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í kanlẹ̀ mọ́. Á máa mi ẹsẹ̀ lókè bí ọmọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì, á sì máa bá àgbàlagbà wí.

Láràárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, igbákejì rẹ̀, ló ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Á tẹ̀ ba, á ní, "Olóyè, oòrùn ti là." Ní ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ pàápàá, tí omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ ọkọ̀, oòrùn ti là náà ni Olúgbóyèga á wí. Olóyè á fi áńkáṣíìfù nu òjò kúrò lójú, á ní òótọ́ ni.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n kó gbogbo orúkọ inú fáìlì ọ́fíìsì náà, àwọn fáìlì tí eku ti jẹ etí wọn, wọ́n tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà ilé, orúkọ onílé á yọ. Àkójọ orúkọ yìí ni wọ́n ń pè ní dátábéèsì. Richard, ẹnjiníà tó ń tọ́jú rẹ̀, máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kejì, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣe wàhálà, ọ̀kan á kù. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí Akọ̀wé Àgbà máa wá láti Alausa, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, láti ṣí ẹ̀rọ náà. Ìròyìn sì ti tàn ká pé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá tẹ́ àlejò náà lọ́rùn ni yóò di Adarí fún gbogbo irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Olóyè ti rán agbádá tí ó máa wọ̀ lọ sí ipò yẹn. Ó ti ń wọ̀ ọ́ wo nílé, ó ń dáhùn ìkíni níwájú dígí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìwé ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ á máa wò bí ẹ̀rọ bá yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀rínọlá ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ bí ó ṣe rí, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ní gbogbo ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rínọlá jókòó ti Richard títí ó fi mọ wàhálà tó wọ́pọ̀, ó wá kọ ọ́ báyìí: Bí ẹ̀rọ bá dúró gbagidi, ẹ ní sùúrù, á tún gbéra. Bí ẹ̀rọ bá kún, ẹ má tẹ orúkọ tuntun sí i mọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá bàjẹ́, tí orúkọ ń wọnú orúkọ, ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ìbàjẹ́ má baà ran ẹ̀dà tó dára.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lánàá á kà á, á yé e. Wàhálà rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Olóyè ka ojú ìwé náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ́kun mímì.

"Ẹ̀rínọlá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ta ló wá bàjẹ́?"

"Àkọsílẹ̀ ni, sà. Bó bá lọ ṣẹlẹ̀ pé..."

"Kò ní ṣẹlẹ̀. Ọ́fíìsì tí èmi Akíntúndé, ọmọ Fáṣínà, bàbá Fáṣínà kékeré, jókòó sí, kí ni yóò bàjẹ́ níbẹ̀? Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Àwọn baba wa gbọ́n. Bí ọba bá kú, ṣé wọ́n máa ń ní ọba kú? Ọba wàjà ni. Bí ejò bá wọlé lóru, ṣé wọ́n máa ń ní ejò ni? Okùn ni wọ́n ń pè é. Ìwọ wá fẹ́ kí àlejò Alausa ṣí ìwé mi, kó rí bàjẹ́, kó rí kún, kó rí dúró gbagidi. Kí ló máa rò? Kò ní rò pé èmi gan-an ni mo dúró gbagidi?"

"Olóyè kì í dúró gbagidi," Olúgbóyèga wí láti ẹ̀yìn àga. "Olóyè máa ń fìdí múlẹ̀ ni."

"Sà," Ẹ̀rínọlá ní, "ẹni tó ń pe ejò ní okùn mọ̀ pé ejò ni. Ó ti ń wá igi. Ẹni tí kò mọ̀, tí ẹ bá sọ fún un pé okùn ni, á mú un, á fi di ṣòkòtò."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí èmi ni, a ó jókòó rò ó. Olóyè kò rò ó. Ó gbé Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Iyì kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Mo ti rí ìgbìmọ̀ tó wá ojútùú sí ìṣòro, mo sì ti rí èyí tó jẹ owó ìṣòro náà mọ́lẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa rí tó ń wá bí ìṣòro kò ṣe ní lórúkọ. Wọ́n gbé mítípáì kalẹ̀, wọ́n gbàdúrà lé e lórí ju bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ìlú lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnì kan ní bí ẹ̀rọ bá dúró gbagidi, kí a ní ó ń ṣe àṣàrò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn ní bí ó bá kún, kí a ní ó yó, ó ń dúpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bu mítípáì jẹ. Ó wá ku àkọsílẹ̀ tó bàjẹ́. Akápò ọ́fíìsì sọ, pẹ̀lú ẹnu tó kún, pé, "Ẹ ò ṣe ní àwọn orúkọ ń kí ara wọn?"

Àwọn kan dìde lórí ìyẹn. Inú Olúgbóyèga kò dùn. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ẹnu tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wúkọ́.

"Olóyè, ẹni iyì kan ló ni ọ́fíìsì yìí. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fi pé mẹ́ta? Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kan tó gba gbogbo ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣe ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká ní: Ẹ̀rọ ń gba iyì."

"Kí ni òṣìṣẹ́ á wá ṣe?" Olóyè bèèrè, ojú rẹ̀ ti ń tàn.

"Ohun tá a máa ń ṣe bí Olóyè bá wọlé ni, sà. Ẹ dìde, kí ẹ sì dúró. A máa ń dìde, a máa ń dúró, Olóyè á kọjá, kò sì sí ẹni tó bèèrè rí pé kí ló ṣe Olóyè."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Olóyè. Ẹ̀rínọlá ni omi kò bọ́ lójú rẹ̀.

"Sà, ọ̀kan nínú wàhálà yìí, sùúrù ni. Ọ̀kan, ká pa ẹ̀rọ ni. Tá a bá sọ gbogbo ẹ̀ lórúkọ kan, báwo lẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ ṣe máa mọ èyí tó yẹ kó ṣe?"

"Á dìde, á sì dúró."

"Mi ò lè fi orúkọ mi sí i, sà."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Orúkọ tèmi ló máa wà níwájú, àti fọ́tò mi."

"Ó dáa, sà. Bóyá kí ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíì má lọ sọ pé òun ló kọ ọ́."

Olóyè wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọgbọ́n ṣì máa wọnú orí ọmọ náà. Ó fi ìyókù ọ̀sẹ̀ náà fọwọ́ síwèé, ó ń fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ń tẹ bírò mọ́ ìkejì títí pépà fi ń lu.

Òfin tuntun tẹ̀ lé ìwé tuntun. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, bàjẹ́, nínú ọ́fíìsì, kó ra mínírà fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá sọ ọ́ níwájú àlejò Alausa, kó máa lọ sílé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gba òfin náà tayọ̀tayọ̀, nítorí mínírà dùn ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í tíì bọ́ lẹ́nu ẹni tán tí gbogbo ilé á fi dáhùn papọ̀ pé, "Mínírà." Richard ló rà jù, torí iṣẹ́ ẹnjiníà ni kí ó máa sọ ohun tó bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ti ń bi í léèrè ẹni tó ń bá mu mínírà káàkiri. Nígbà tó yá, Richard kọ́ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́.

Inú àsìkò yìí ni Àlàájà Ṣẹ̀fíátù wọlé wá. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n ní Kuje, ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń gbé. Ọbàkan rẹ̀ ló fẹ́ ta ilé náà mọ́ ọn lórí. Wọ́n ti dé kóòtù, adájọ́ sì ti ní kí Àlàájà mú ìwé ẹ̀rí wá láti Ọ́fíìsì Orúkọ Onílé kí ìgbẹ́jọ́ tó tún kàn. Bí kò bá rí i mú wá, ọbàkan rẹ̀ á tà á, á sì kó ẹrù Àlàájà síta. Ọmọ Àlàájà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú ilé yẹn ló bí wọn sí.

Ó kí wọn, ó jókòó. Ẹ̀rọ dúró gbagidi. Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n dúró. Àlàájà rò pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí, ó sì dáhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ tún dúró, wọ́n tún dìde.

"Ẹ má ṣe wàhálà mọ́, ẹ̀yin ọmọ," Àlàájà ní. "Wọn ò ṣe báyìí fún mi ní Mẹ́kà pàápàá. Ìwé mi ńkọ́?"

Bímpé tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ̀rọ ń gba iyì, mà."

"Ó dáa. Tó bá gbà á tán, kó fún mi níwèé mi."

Olóyè fúnra rẹ̀ ló jáde sí i. Ó ní lọ́jọ́ ayẹyẹ, níwájú Akọ̀wé Àgbà, Àlàájà ni òun máa kọ́kọ́ fún níwèé. Ó tún sọ fún un, torí kò lè ṣe kó má sọ, pé bí ayẹyẹ bá ti parí, lọ́rì kan á kó gbogbo fáìlì pépà lọ fún àwọn tó ń fi di ẹ̀pà.

"Pépà tí orúkọ mi wà nínú ẹ̀ náà ńkọ́?"

"Àlàájà, ẹni tó ti ní ọkọ̀ òfuurufú, kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe?"

Àlàájà wo àwọn fáìlì náà, ó wo Olóyè, ó ní ó dàárọ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Lọ́rì ti dúró sẹ́nu géètì, fáìlì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Agbádá Olóyè gba àga méjì. Akọ̀wé Àgbà dé, obìnrin tín-ín-rín kan tó wọ awò ojú, tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Olóyè ní ọ̀rọ̀ tó máa tó àwọn méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé wà ní òkùnkùn, ó rọra ń bọ̀ wá sí ọdún tí wọ́n bí òun, tí ìmọ́lẹ̀ dé.

Ìmọ́lẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn lẹ́nu rẹ̀ ni, tí Bímpé nínú yàrá ẹ̀rọ rí i pé orúkọ kan ti ń wọnú òmíràn. Ó dìde, ó sì dúró, bí ìwé ṣe wí. Richard sáré wọlé, ó wò ó. Ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ, àmọ́ Olúgbóyèga ti wà níwájú rẹ̀.

"Ṣé ìwé ní kó o pa á? Lọ́jọ́ tí Alausa wà nílé? Richard, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Rántí ìyàwó ẹ àti ọmọ."

Richard rántí wọn. Ó lọ bá Olóyè lórí pèpéle, ó sọ ọ́ sí i létí.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ń gba iyì o."

Olóyè yí sí gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní ẹ̀rọ ń gba iyì." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń gba iyì gan-an ni, sà. Iyì yẹn ti pọ̀ jù."

"Wọ́n ní iyì náà pọ̀." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, abeg. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀dà iyì yìí."

Ẹ̀dà. Olóyè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì wù ú. Kò sí nínú ètò, àmọ́ kí ló tún lè dára tó kí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ bọ́tìnì ńlá kan níwájú gbogbo ayé? Ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó wọnú yàrá ẹ̀rọ, gbogbo àlejò tẹ̀ lé e. Ó bi Bímpé léèrè ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀rù ọ̀gá wà lára Bímpé, ó fi hàn án. Olóyè gbé ìka sókè kí àwọn tó ní kámẹ́rà lè múra, ó sì tẹ̀ ẹ́. Richard dijú. Bí ẹ̀dà tó dára ṣe lọ nìyẹn, ohun tó bàjẹ́ ti gba ààyè rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká rí orúkọ kan," Akọ̀wé Àgbà ní.

Wọ́n tẹ nọ́ńbà ilé Àlàájà. Orúkọ yọ: Àlàájà Ṣẹ̀fíátù. Àlàájà gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Òmíràn."

"Ẹ tẹ ilé tèmi," Olóyè ní, ó ń gbọn agbádá. "Ilé alájà mẹ́ta ní Ẹ́sítéètì Amúwo."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orúkọ yọ: Àlàájà Ṣẹ̀fíátù. Wọ́n ní bóyá àṣìṣe ọwọ́ ni. Wọ́n tẹ ilé mìíràn ní Satellite Town, Àlàájà ló ni ín. Wọ́n tẹ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Festac, Àlàájà ló ni ín. Wọ́n tẹ àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n tẹ ọ́fíìsì tí wọ́n dúró sí gan-an. Kò sí òrùlé kan láti Kuje títí dé etí omi tí kì í ṣe ti Àlàájà.

Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi ò sọ gbogbo eléyìí fún mi kí wọ́n tó kú." Ó wá yíjú. "Olóyè, ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú ilé mi ní Ẹ́sítéètì yẹn? Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀ o."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ yìí?" Akọ̀wé Àgbà bèèrè.

"Ẹ̀rọ ń gba iyì, mà," Richard dáhùn. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó jókòó dìde, wọ́n dúró.

Obìnrin náà wò wọ́n yíká. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìlànà wá. Ó ṣí ojú ìwé kìíní, ó ṣí ìkejì, ó ń ṣí i lọ. Ẹ dìde, kí ẹ sì dúró. Ẹ dìde, kí ẹ sì dúró. "Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ti Olóyè ni, mà," Ẹ̀rínọlá ní. "Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan."

"Olóyè, ẹ sọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ yìí fún mi bó ṣe máa yé mi."

Olóyè la ẹnu. Ó ní ẹ̀rọ ń ṣe àṣàrò. Ó ní bóyá àwọn orúkọ ló ń kí ara wọn. Òógùn ń ṣàn wọnú agbádá Adarí. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ Àlàájà ṣì wà lórí ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, ilé tí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ wà lábẹ́ àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìyẹn ló já okùn ìfaradà rẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́," ó kígbe. "Gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́."

Gbogbo òṣìṣẹ́ dáhùn papọ̀, wọn kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu wọn: "Mínírà."

Ẹnu Richard wá ṣí. "Mà, òun náà ni, ó ti bàjẹ́. Ẹ̀dà náà ti bàjẹ́, bọ́tìnì tí Olóyè tẹ̀ yẹn ló pa á. Pépà inú lọ́rì nìkan ló kù, mà. Tí lọ́rì yẹn bá lọ báyìí, kò sẹ́ni tó nílé mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí."

Àwọn àlejò yí sí géètì, àwọn kan ti ń sáré. Àlàájà kò sáré. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde.

"Kò lè lọ," ó ní. "Ọmọ àbúrò mi ní Kuje ló ń wa lọ́rì yẹn. Látàárọ̀ ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní tí ìwé mi bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, kó máa lọ."

Wọ́n já fáìlì sílẹ̀. Eku ti jẹ etí ti Àlàájà, àmọ́ kò jẹ dé orúkọ. Ẹ̀rínọlá fi ọwọ́ kọ ìwé ẹ̀rí náà, Akọ̀wé Àgbà fọwọ́ sí i lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì lọ́rì. Àlàájà tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó sunkún díẹ̀, ó sì kéde pé òun ti dá gbogbo ilé padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ti Olóyè nìkan ni òun ṣì ń rò.

Olóyè ra mínírà. Òfin rẹ̀ ni, ẹni tó da eérú sì ni eérú ń tọ̀. Gbogbo àlejò mu, ọlọ́pàá mu, awakọ̀ lọ́rì mu méjì. Nígbà tí Akọ̀wé Àgbà fẹ́ máa lọ, ó ní kí Ẹ̀rínọlá bẹ̀rẹ̀ ìwé ìlànà míì, kó sì kọ ọ́ bó ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́. Olóyè sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọkọ̀.

"Mà, ipò Adarí yẹn ńkọ́?"

"Ẹ kó ẹrù yín kúrò nínú ọ́fíìsì kílẹ̀ tó ṣú, Olóyè."

"Mà, ṣé ẹ lé mi ni?"

"Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ burúkú bẹ́ẹ̀?" obìnrin náà ní, ó ń yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sókè. "Ẹ ń gba iyì ni."

Olúgbóyèga gbọ́ ọ. Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì dúró. Gbogbo wọn dìde pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, wọ́n dúró bí Olóyè ṣe ń kó fọ́tò rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sínú ọkọ̀, títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Olúgbóyèga sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì fún Ẹ̀rínọlá, omi ń kán láti etí rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ̀ ba.

"Àǹtí wa, oòrùn ti là."

"Òjò ló ń rọ̀, sà," Ẹ̀rínọlá ní, ó sì ṣí agbòjò rẹ̀.